Bí kóòṣì ṣe lè fi fóònù, téèpù àti ìwé àkọsílẹ̀ mú kí asáré rẹ̀ yá sí i

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré onígi ìdènà ọgọ́rùn-ún mítà nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, aago sì kà á sí ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ kan náà ó tún sá àṣekágbá, ó gba wúrà, aago sì kà á sí 12.06. Èyí tó yá jù yìí kò wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń ti àwọn asáré láti ẹ̀yìn jẹ́ 2.5 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò gbà ju 2.0 lọ. Ní ti 12.12, afẹ́fẹ́ 0.9 ni wọ́n wọ̀n. Kóòṣì tó bá lóye ìdí tí wọ́n fi gba nọ́ńbà kan tí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀ ti ní ọgbọ́n tí gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé lórí: nọ́ńbà kò wúlò fún ìkọ́ni àfi tí a bá mọ bí a ṣe wọ̀n ọ́n, tí a sì lè wọ̀n ọ́n bákan náà lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn kóòṣì ilé-ìwé àti ti ẹgbẹ́ eléré tí kò ní ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ohun tí ẹ nílò kò ju fóònù kan tó lè ya fídíò slow motion, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ lè gbé e lé, téèpù onírin tó gùn tó 30 mítà tàbí 50 mítà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, kóónù díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì, pákó méjì tí ẹ lè pàtẹ́ mọ́ra, àti ìwé àkọsílẹ̀. Eré pẹrẹsẹ ọgọ́rùn-ún mítà àti eré onígi ìdènà ti àwọn obìnrin ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pinnu ìbéèrè kan ṣoṣo

Eré ọgọ́rùn-ún mítà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tí eré ti ń ròkè, ó ní ibi tí eré ti dé góńgó, ó sì ní ibi tí asáré ti ń jà kí eré náà má bàa bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí Usain Bolt sá 9.58 ní Berlin ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ gbà á ní 1.89, tí 0.146 nínú rẹ̀ sì jẹ́ àkókò tí ara rẹ̀ fi dáhùn sí ìró ìbọn. Láàárín 60 mítà sí 70 mítà ni ó ti yá jù, nítorí 0.81 péré ni ó lò níbẹ̀. Mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá méjì tó gbẹ̀yìn gbà á ní 0.83 lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí fi hàn pé Bolt fúnra rẹ̀ ti ń dẹ̀rọ̀ kó tó dé ìlà ìparí. Góńgó tirẹ̀ ló ga ju ti gbogbo ẹni tó bá a sá a, ìdẹ̀rọ̀ rẹ̀ sì kéré gan-an.

Kóòṣì tó jẹ́ àpapọ̀ àkókò nìkan ló ní lọ́wọ́ kò lè mọ ibi tí àkókò ti ń jò dànù. Ọmọbìnrin méjì lè sá 12.40, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń kúrò nínú bílọ́ọ̀kù, ìyẹn ohun tí asáré ń fi ẹsẹ̀ tì nígbà tó bá fẹ́ gbéra, kí èkejì jẹ́ ẹni tó ń já fáfá títí dé 50 mítà tí ara rẹ̀ sì ń wó lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá fún àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan nínú wọn ń fi àkókò ṣòfò. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé fóònù jáde, ẹ kọ ìbéèrè kan sínú ìwé. Ó lè jẹ́: báwo ni eré rẹ̀ tó ga jù lọ ṣe ga tó? Ó lè jẹ́: láti igi ìdènà wo ni ó ti ń pàdánù? Ìbéèrè méjì lọ́jọ́ kan ti pọ̀ jù, nítorí pé bí a ṣe ń to fóònù fún ọ̀kan yàtọ̀ sí bí a ṣe ń tò ó fún èkejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn ilẹ̀, kí ẹ sì gbé ọ̀pá sí ibi tó yẹ

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìlà tí ẹ bá lórí pápá, pàápàá lórí pápá koríko ilé-ìwé tí wọ́n ń fi ẹfun tún kùn lọ́dọọdún. Téèpù onírin ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Téèpù aṣọ máa ń nà. Fún eré onígi ìdènà obìnrin, mítà 13 ni láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 ni àárín igi kan sí èkejì, mítà 10.5 sì ni láti igi kẹwàá dé ìparí. Gíga igi fún àgbà obìnrin jẹ́ 83.8 sẹ̀ǹtímítà, ti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18 jẹ́ 76.2. Tí igi kan bá fi 10 sẹ̀ǹtímítà sún mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n tí ẹ bá ṣe níbẹ̀ kò ní bá ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mu.

Tó bá jẹ́ eré tó ga jù lọ ni ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ wọn ogún mítà kan tí asáré yóò gbà kọjá lẹ́yìn tí eré rẹ̀ ti ròkè. Ẹ fún un ní 30 mítà láti fi gbé eré sókè kó tó dé ibẹ̀; àgbà asáré lè nílò 40. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kó dojú kọ àárín ogún mítà náà, kó sì jìnnà ní 20 mítà sí àárín léènì tí asáré yóò gbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí, n kò sì ní yára kọjá níbẹ̀. A kò lè gbé ọ̀pá sí àárín léènì, nítorí pé asáré ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà a máa ń gbé e sí etí léènì, ní apá ọ̀dọ̀ fóònù. Ká ní ẹ gbé e sí mítà kan sí àárín léènì, ní ọ̀gangan 0 àti 20 gẹ́lẹ́. Nítorí pé fóònù ń wo ọ̀pá wọ̀nyẹn láti àárín, ìlà ojú rẹ̀ yóò gba orí ọ̀pá kọjá lọ sí ìta. Asáré yóò hàn bí ẹni tó ti dé ọ̀pá àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì ku bíi 53 sẹ̀ǹtímítà kó dé ọ̀gangan rẹ̀, kò sì ní hàn bí ẹni tó dé ọ̀pá kejì àfi ìgbà tó bá ti fi 53 sẹ̀ǹtímítà kọjá rẹ̀. Ẹ rò pé ogún mítà ni ẹ wọ̀n, mítà 21.05 sì ni ní tòótọ́. Fún asáré tó ń sá mítà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyàtọ̀ náà tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó pọ̀ ju ohun tí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè fi sunwọ̀n sí i lórí ogún mítà láàárín oṣù mélòó kan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ sún ọ̀pá méjèèjì sí inú, kí ọ̀kan wà ní 0.5, kí èkejì wà ní 19.5. Tí ìjìnnà fóònù tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi ìjìnnà ọ̀pá sí àárín léènì pín pẹ̀lú ìjìnnà fóònù sí àárín léènì, kí ẹ sì sọ èsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú ìdajì gígùn ibi tí ẹ ń wọ̀n. Iye tí ẹ ó fi sún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wọlé nìyẹn. Fún èyí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, mítà 1 pín sí 20, a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 10, ó jẹ́ 0.5. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ ní kí ẹnì kan dúró sí àárín léènì ní ọ̀gangan 0, kí ẹ wo ojú fóònù, kí ẹ rí i pé ọ̀pá bo ìbàdí rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 20 pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ to fóònù

Fídíò lásán tó ń ya fírémù 30 (ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé asáré tó ń sá mítà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti rin 33 sẹ̀ǹtímítà láti fírémù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ní fírémù 240, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré ni yóò rìn. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní 240 nínú ètò slow motion; tí tiyín bá mọ sí 120, ẹ lò ó, kí ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé 120 ni.

Ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, kó ga tó ìbàdí ènìyàn, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì so ìwò àti ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ ojú kan (focus àti exposure lock) kó má bàa máa wá ìmọ́lẹ̀ kiri nígbà tí asáré bá ń kọjá. Fóònù kò gbọdọ̀ yí tẹ̀ lé asáré nígbà tí ẹ bá ń wọn eré tó ga jù lọ. Ẹ pa ìpè àti íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ sì rí i pé àyè wà nínú rẹ̀, nítorí pé fídíò 240 máa ń gba àyè púpọ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán tiwa, fóònù tún máa ń gbóná títí tí yóò fi kọ iṣẹ́, èyí tó jẹ́ ìdí kan sí i tó fi yẹ kí ẹ ṣe ìdánwò ní òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rọ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ka àkókò láti kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gbé stopwatch síwájú fóònù náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ ya á ní slow motion, kí ẹ wá ka iye fírémù. Tí ó bá súnmọ́ 2400, fóònù yín ń sọ òtítọ́. Tí ó bá jìnnà sí i, fóònù náà ń yí iye fírémù rẹ̀ padà láàárín iṣẹ́, ẹ kò sì lè gbára lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀

Ara gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, pẹ̀lú ìgbàsókè eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí asáré tó wọ ìdánwò. Eré mẹ́ta ti tó. Ní ti ìsinmi, ìlànà tí ọ̀pọ̀ kóòṣì ń tẹ̀ lé ni ìṣẹ́jú kan fún mítà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan tí a bá sá pẹ̀lú gbogbo agbára, nítorí náà ẹni tó sá 50 mítà lápapọ̀ yóò sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Kóòṣì tó ń kánjú máa ń gé ìsinmi yìí kúrú, lẹ́yìn náà yóò wá máa kígbe pé ọmọ náà ò yá. Àárẹ̀ ni ó wọ̀n.

Ẹ kọ bàtà tó wọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ irú ilẹ̀ tó sá lé, ẹ kọ aago tí ẹ ṣe é, kí ẹ sì kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Níbi ìdíje, ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ máa ń dúró ní 50 mítà sí ìparí, ní gíga mítà 1.22, ìṣẹ́jú àáyá 13 ni wọ́n sì fi ń kà á fún eré onígi ìdènà ọgọ́rùn-ún mítà. Ẹ̀yin lè so rọ́bà nylon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọ̀pá kan. Kò lè fún yín ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n yóò sọ fún yín ọjọ́ tí kò yẹ kí ẹ fi ìdánwò wé èyí tó ti kọjá, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́.

Tí àwọn tí ẹ ń yà bá jẹ́ ọmọdé, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí fídíò náà má sì jáde sí orí Facebook tàbí WhatsApp ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka fírémù, ẹ ṣe ìṣirò

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ètò wíwo fídíò tó ń jẹ́ Kinovea wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì jẹ́ kí ènìyàn máa rìn ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù, áàpù èyíkéyìí tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Ẹ dúró sí fírémù tí ìbàdí asáré kọ́kọ́ bá ọ̀pá àkọ́kọ́ pàdé, ẹ ka iye fírémù títí ìbàdí yóò fi bá ọ̀pá kejì pàdé. Ìbàdí ni kí ẹ máa wò, nítorí orí àti ọwọ́ a máa nà síwájú lọ́nà tó yàtọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ká ní fírémù 496 ni. Ẹ pín in sí 240, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2.067. Ẹ fi 20 pín pẹ̀lú rẹ̀, ó jẹ́ mítà 9.68 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú fídíò kan náà, ẹ lè ka ìṣísẹ̀. Tí ìṣísẹ̀ mẹ́jọ bá gba ìṣẹ́jú àáyá 1.80, ó ń gbé ìṣísẹ̀ 4.44 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; tí ẹ bá fi èyí pín eré rẹ̀, gígùn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi mítà 2.18. Ẹ tún lè ka fírémù tí ẹsẹ̀ fi wà nílẹ̀: 24 jẹ́ ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá gẹ́lẹ́, àwọn asáré tó mókè lágbàáyé sì máa ń wà ní àyíká ibẹ̀ tàbí kí tiwọn dín díẹ̀ nígbà tí eré wọn bá ga jù.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí dùn ún kà, wọ́n sì lè tan ènìyàn. Ẹ lè fi fírémù kan ṣì í ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún fi ọ̀kan ṣì í ní ìparí, ìyẹn 0.008 lápapọ̀. Nítorí náà ẹni tó sá 2.07 lónìí tó sì sá 2.06 lọ́sẹ̀ méjì sí i kò tíì yí padà. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá dé 0.03, tó sì hàn nínú eré méjì ó kéré tán ní ọjọ́ kan náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé kó kàn na ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn nítorí pé Bolt gbé ìṣísẹ̀ bíi 41 péré ní Berlin. Ẹni tó ga ní mítà 1.95 ni Bolt. Ọmọ tó bá ń ju ẹsẹ̀ síwájú kó lè gùn yóò máa fi gìgísẹ̀ dá ara rẹ̀ dúró ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ ilẹ̀.

Nípa stopwatch

Mi ò sọ pé kí ẹ jù ú nù. Ẹ kàn ní láti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìbọn bá dún, ṣùgbọ́n ní ìparí ojú rẹ̀ ti ń retí asáré, kì í sì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àkókò ọwọ́ fi máa ń kéré ju ti ẹ̀rọ lọ, tí a sì máa ń fi 0.24 kún un fún 100 mítà àti 200 mítà nígbà tí a bá fẹ́ fi wé ti ẹ̀rọ. Ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ní ó sá 10.4 lọ́jọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé súnmọ́ 10.64, ìyẹn tí pápá náà bá tiẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún mítà. Ìró pẹ̀lú ní tirẹ̀: ẹni tó dúró ní 100 mítà sí ìbọn yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn bíi 0.29, nítorí náà èéfín tàbí ìpàtẹ́ pákó ni kí ó máa fi ojú wò, kó má gbára lé etí.

Iyàn lórí aago kì í ṣe ti àwa nìkan. Lẹ́yìn 12.12 ti Amusan, Michael Johnson, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọba eré 200 àti 400 mítà, sọ ọ́ ní gbangba pé òun fura sí aago Eugene, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì fún un lésì tó tó bẹ́ẹ̀. Àjọ World Athletics, tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé, fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé kámẹ́rà ìlà ìparí, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀n pápá ni wọ́n fi ń jẹ́rìí, wọn kì í fi bí ojú àwọn asáré ṣe rí lẹ́yìn eré jẹ́rìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fún eré onígi ìdènà, ẹ ka ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀

Níhìn-ín, fóònù lè yí tẹ̀ lé asáré, nítorí pé ìgbà tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni ẹ ń wá, kì í ṣe ibi tí ó wà. Ẹ dúró sí òkè àga àwọn òǹwòran tó bá wà, ní ọ̀gangan igi karùn-ún tàbí ìkẹfà. Kí ẹni tó ń gbé eré sílẹ̀ pàtẹ́ pákó méjì níbi tí fóònù ti lè rí i, nítorí fírémù tí pákó bá pàdé ni ìbẹ̀rẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà ẹ kọ àkókò tí ẹsẹ̀ tó ṣáájú fi kan ilẹ̀ lẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ ọ̀kan nínú èkejì.

Ká ní ọmọbìnrin kan sá 14.50, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ lẹ́yìn igi àkọ́kọ́ ní 2.75, tí àárín igi sí igi sì jẹ́ 1.15, 1.12, 1.11, 1.12, 1.13, 1.15, 1.18, 1.21 àti 1.24, tí ìyókù títí dé ìparí wá jẹ́ 1.34. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò burú, ìlù ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dára títí dé igi kẹfà. Láti igi keje ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo, títí tí igi tó gbẹ̀yìn fi ná an ní 0.13 ju èyí tó yá jù lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò wákàtí kan lórí bílọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ni igi mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí a rẹ̀ sílẹ̀ sí 76.2, tí a sì sún mọ́ra sí mítà 8.2, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa lu ìlù tó yá nígbà tí àárẹ̀ ti dé. Eré méjì tàbí mẹ́ta ti tó lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ìsinmi tó pọ̀. Tó bá jẹ́ pé 2.95 ni ó fi dé igi àkọ́kọ́ tí àárín igi kò sì yí padà, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìṣísẹ̀ mẹ́jọ tó ṣáájú igi náà.

Kí ẹ lè rí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é, ẹ mú 12.12 fúnra rẹ̀. Tí a bá fojú díwọ̀n rẹ̀ pé 2.5 lọ sí igi àkọ́kọ́, tí nǹkan bíi 1.05 sì lọ sí ìparí, 8.57 ló kù fún àárín igi mẹ́sàn-án, ìyẹn bíi 0.95 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò lè fò dé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nípa fífò sókè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fò máa ń gbéra ní bíi mítà méjì sí igi, wọ́n sì máa ń balẹ̀ ní bíi mítà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí mítà méjì ṣáájú igi karùn-ún, kí ẹ ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ inú ìlà yẹn kó tó gbéra kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó fò sókè, bí ó ti wù kí kóòṣì kígbe tó pé kó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sọ̀rọ̀ kan fún asáré, ẹ dákẹ́

Kóòṣì Amusan ní El Paso ní Texas nígbà tó sá 12.12 ni Lacena Golding-Clarke, tí òun náà ti sá eré onígi ìdènà fún Jàmáíkà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé láàárín igi méjì, àyè kò sí fún ìrònú mẹ́ta. Ẹ fi fídíò han asáré yín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì nígbà ìsinmi, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi í pé, “Kí lo rí?” Lọ́pọ̀ ìgbà yóò ti rí i kí ẹ tó sọ ọ́, ohun tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni yóò sì rántí. Àwọn ọmọ tiwa kì í fẹ́ dá kóòṣì lóhùn, wọ́n á ní “Ẹ má bínú, sà.” Ẹ fún un láyè títí tí yóò fi sọ ohun mìíràn.

Tí ẹ bá ní láti sọ̀rọ̀, ẹ darí ọkàn rẹ̀ sí ilẹ̀ tàbí sí igi, kì í ṣe sí ẹ̀yà ara rẹ̀. “Ti ilẹ̀ sẹ́yìn” máa ń ṣiṣẹ́ ju “na orúnkún rẹ” lọ. “Sá kọjá igi náà” sàn ju “tẹ ìbàdí rẹ” lọ. Ẹ lo ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lọ́nà kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ ka ẹrù iṣẹ́

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ parí, ẹ bi asáré kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ náà ṣe le tó, láti 0 sí 10, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ gbà. Ìṣẹ́jú 90 tí ó pè ní 6 jẹ́ 540. Ẹ ro ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀, kí ẹ wo bóyá ọ̀sẹ̀ yìí fò ga ju èyí tó kọjá lọ. Ẹni tó ń pe iṣẹ́ tó fúyẹ́ ní 8 fún ọjọ́ mẹ́ta léra lè máà sùn dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé ìdánwò ilé-ìwé ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò ní ti fóònù; ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tó yẹ kí ẹ rà tí owó bá dé

Igi ìdènà tí a lè gbé sókè tí a sì lè rẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà bílọ́ọ̀kù méjì tó dúró ṣinṣin. Ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ tó ń ka àkókò bí asáré ṣe ń gba àárín rẹ̀ kọjá dára gan-an, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ kíka fírémù, ṣùgbọ́n kò fi ara asáré hàn yín. Aṣọ tó ní GPS, ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ènìyàn wà, wúlò fún bọ́ọ̀lù ju eré kúkúrú lọ. Èyí tó ń ka ibi tí ènìyàn wà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè sọ òtítọ́ nípa mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní ti bàtà oníspáìkì, èyí tó ní ìṣó lábẹ́, láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni World Athletics kò ti gba àtẹ́lẹsẹ̀ tó nípọn ju 20 mílímítà lọ fún eré orí pápá, nítorí náà ẹ wo èyí kí òbí kan tó ná owó sórí bàtà tí kò ní lè wọ̀ níbi ìdíje.

Ọ̀sẹ̀ ìdíje

Ẹ má ṣe ìdánwò eré tó ga jù lọ láàárín ọjọ́ méje tó ṣáájú ìdíje pàtàkì. Ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin láti inú bílọ́ọ̀kù títí dé igi kẹta, ní gíga àti ìjìnnà tó pé, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ náà ti tó. Níbi ìdíje, ẹ ní kí ẹnì kan ya eré náà láti òkè àga àwọn òǹwòran, kí ẹ lè ka ìbalẹ̀ ẹsẹ̀ lẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá délé, kí ẹ sì kọ àkókò ẹ̀rọ àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n kéde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ fi orúkọ asáré àti ọjọ́ eré náà pe fídíò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dà á sórí kọ̀ǹpútà kí fóònù tó kún.